Owó Láísẹ́ǹsì BBC: Ó Ha Tọ́ Láti Fi Dandan Gbà Á Bí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ní ilẹ̀ Ọba, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nínú ilé rẹ̀ ní àkókò gan-an tí a ń gbé eré tàbí ìròyìn jáde, ó di dandan fún un láti gba láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún. Ní oṣù April 2025, iye rẹ̀ di £174.50 fún ilé kan. BBC, èyíinì ni ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà. Ẹni tí ó bá ń wò láì san, tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn lé e, èyí tí ó lè tó £1,000.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Peckham àti ní Manchester rò pé ọ̀ràn náà kò kan àwọn, nítorí pé ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà ni àwọn ń wò. Ó kan wọn. Òfin kò bèèrè bí ohun tí a ń wò bá ti London wá tàbí bí ó bá ti Èkó wá. Bí a bá ti ń wò ó bí ó ti ń jáde lọ, láísẹ́ǹsì di dandan. Ẹni tí ó ń wo sinimá lórí Netflix ní àkókò tí ó wù ú, tí kò sì lo iPlayer ti BBC, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn tí ó kọ owó yìí kì í ṣe ẹjọ́ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní: bí ènìyàn kò bá jẹ iṣu, èéṣe tí a ó fi gba owó iṣu lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ń sanwó fún àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù hàn, ẹni tí ó fẹ́ sinimá ń sanwó fún àwọn onísinimá. Kí ni ó dé tí ẹni tí kò fẹ́ BBC kò fi lè fi í sílẹ̀ kí ó sì máa wo èyí tí ó wù ú? Wọ́n tún ní, iye kan náà ni a ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ tí ó ní ilé ńlá àti lọ́wọ́ opó tí ó ń gbé yàrá kan. Àwa kò ní fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ a gbà pé ó tọ́ kí gbogbo ìlú pa owó pọ̀ láti fi gbé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà gba owó náà ní ilẹ̀ Ọba ní àbùkù tí ó tóbi, a kò sì ní fi èyí náà pamọ́.

Kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1922, àwọn oníṣòwò tí ń ṣe ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní London, ohùn rẹ̀ sì kọ́kọ́ bọ́ sí afẹ́fẹ́ ní 14 November ọdún náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ yóò lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, yóò san ṣílè mẹ́wàá fún láísẹ́ǹsì ọdún kan. Ìjọba mú tirẹ̀ nínú owó náà, ó sì fún ilé iṣẹ́ náà ní èyí tí ó tọ́ sí i. Ní 1 January 1927, BBC kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ó di ti gbogbo ìlú lábẹ́ ìwé àṣẹ Ọba. Olórí rẹ̀ ni John Reith, ọmọ àlùfáà kan ní Scotland, ọkùnrin gíga tí ojú rẹ̀ le. Ó gbà pé iṣẹ́ òun ni láti fún àwọn ènìyàn ní ìròyìn, láti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, àti láti dá wọn lára yá. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò ṣiyèméjì pé dídá lára yá ni ó gbé sí ìkẹyìn. Nígbà tí ó di June 1946, a dá láísẹ́ǹsì £2 sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ní 1971, a mú ti wáyálẹ́ẹ̀sì nìkan kúrò pátápátá.

Ohùn BBC kò pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní December 1935, ìjọba fa wáyà wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, ó sì so àpótí kékeré mọ́ ògiri. Láti inú àpótí náà ni wọ́n ti ń gbọ́ London. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá gbà á sílé ni ó ń san owó rẹ̀. Àwọn baba wa wo ohun tí ń fọhùn láti àárọ̀ títí di alẹ́ láì gbọ́ tẹnikẹ́ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó yẹ kí a fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí pé ìjà tí a ó sọ níwájú dá lórí èsì tí a kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀.

Wàyí o, ìyàtọ̀ wà láàrin iṣu àti ohùn tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́. Iṣu tí Àjàyí bá ti jẹ, Òjó kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Nítorí náà ó tọ́ kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tan àtùpà sí àárín agbo ilé, ìmọ́lẹ̀ tí Àjàyí fi ń kàwé kò dín nítorí pé Òjó náà jókòó tì í. Iye epo tí àtùpà ń jó fún ènìyàn kan náà ni ó ń jó fún ogún. Bákan náà ni ìròyìn tí BBC kà: yálà ènìyàn 10 ni ó gbọ́ ọ tàbí 10,000,000, owó tí a fi kó o jọ kan náà ni. Bí a bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ Òjó nítorí pé kò lówó, a kò fi ohunkóhun kún ti Àjàyí, a kàn sọ Òjó sínú òkùnkùn lásán ni. Ìdí nìyí tí owó àjùmọ̀san fi bá irú nǹkan yìí mu ju ti iṣu lọ. Ẹni tí kò sì wo BBC rí pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀, bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dìbò bá gbọ́ òtítọ́ dípò irọ́.

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra epo fún àtùpà náà, ọ̀nà mélòó kan ni ó sì wà. Èkíní ni ìpolówó ọjà. Ọ̀nà yìí dára títí dé ààyè kan, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé oníṣòwò kì í ra eré. Àwọn òǹwòran ni ó ń rà. Ibi tí òǹwòran bá pọ̀ tí wọ́n sì ní owó lọ́wọ́ ni yóò na owó rẹ̀ sí. Ẹ wo èdè Welsh, tí àwọn tí ń sọ ọ́ ní Wales kò tó 600,000 nígbà tí a ka ènìyàn ní 2021. Oníṣòwò wo ni yóò gbé ilé iṣẹ́ kan ró fún wọn? Síbẹ̀ wọ́n ní S4C, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, owó láísẹ́ǹsì ni a sì fi ń gbé e ró lónìí. (A kò fi ẹ̀rọ̀ fún wọn: ní 1980, Gwynfor Evans, olóṣèlú àgbà kan ní ilẹ̀ wọn, kéde pé òun yóò gbààwẹ̀ títí dé ojú ikú bí ìjọba bá yẹ àdéhùn rẹ̀, ìjọba sì yí ọkàn padà.) Àwa tí a ń kígbe pé èdè wa ń bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ọ̀ràn yìí.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹni tí ó fẹ́ ẹ san owó, kí ẹni tí kò fẹ́ ẹ sì jókòó. Ohun tí a sọ nípa Òjó ti dáhùn èyí. Ẹ̀kẹta ni kí ìjọba mú owó láti inú àpò ìlú kí ó sì gbé e fún ilé iṣẹ́ náà bí ó ti ń gbé e fún àwọn tí ń ṣe ọ̀nà. Èyí ni ó jọ pé ó rọrùn jù, òun náà sì ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn àgbà wa ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn nílẹ̀ wa níhìn-ín.

Ní May 1926, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ Ọba nítorí ọ̀ràn àwọn awakùsà. Ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. BBC ni gbogbo ènìyàn ń tẹ́tí sí. Nígbà náà BBC ṣì jẹ́ ilé iṣẹ́ oníṣòwò tí ń retí ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Winston Churchill, tí ó wà nínú ìjọba, fẹ́ kí a gba ilé iṣẹ́ náà pátápátá kí ó di ohùn ìjọba. Reith kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra rìn. Olórí ìjọba, Stanley Baldwin, sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Nígbà tí Ramsay MacDonald, olórí ẹgbẹ́ alátakò, bèèrè pé kí òun náà sọ tirẹ̀, a kò gbà fún un. Randall Davidson, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, fẹ́ ka ọ̀rọ̀ àlàáfíà kan tí òun àti àwọn olórí ìjọ mìíràn kọ, pé kí ìhà méjèèjì padà sídìí ìjíròrò. A ní kí ó ní sùúrù, ọjọ́ mélòó kan sì kọjá kí àwọn ènìyàn tó gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ kíyèsí i: ẹnikẹ́ni kò ti BBC ní ìbọn. Ohun tí ń bẹ lọ́wọ́ ìjọba láti fún un tàbí láti fi dù ú ni ó pa á lẹ́nu mọ́.

Ní 1953, ó di tiwa. Ní oṣù March ọdún náà, Anthony Enahoro dá a lábàá ní Ilé Ìgbìmọ̀ ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àríyànjiyàn náà fọ́ ilé náà, àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Action Group sì fi ipò wọn sílẹ̀. Gómìnà, Sir John Macpherson, bọ́ sí orí asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó jẹ́ ti ìjọba, ó dá àwọn mínísítà náà lẹ́bi, ó ní wọn kò ṣe òótọ́. Olóyè Obafemi Awolowo bèèrè pé kí a fún òun ní àyè kan náà láti fèsì. Wọ́n kọ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò ní owó mìíràn bí kò ṣe èyí tí ìjọba fún un. Báwo ni yóò ti ṣe jẹ́ kí a ta ko ẹni tí ń bọ́ ọ? Ìbínú yìí wà nínú ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní 31 October 1959 amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. A ń fi èyí yangàn títí di òní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ohùn tí a gbà lọ́wọ́ ìjọba kan, ọwọ́ ìjọba mìíràn ni ó bọ́ sí. Ní October 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ó dá ìjà sílẹ̀, ọkùnrin kan wọ ilé iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn, ó sì mú kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí Olóyè Akintola ti gbà sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Wọ́n gbé Wole Soyinka lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ fèsì bá ní láti mú ìbọn lọ́wọ́ kí ó tó lè fèsì, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta tún jẹ́ ti ilẹ̀ Ọba. Ní November 1956, ogun Suez ń lọ lọ́wọ́. Anthony Eden, olórí ìjọba, bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí BBC. Ní ọjọ́ kejì, Hugh Gaitskell, olórí ẹgbẹ́ alátakò, gba àyè tirẹ̀, ó sì ní kí Eden fi ipò sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wà lójú ìjà. Inú bí ìjọba gidigidi. Ṣùgbọ́n BBC jẹ́ kí ó sọ ọ́. A kò sọ pé láísẹ́ǹsì nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ láàrin 1926 àti 1956. Òfin wà, àṣà wà, ìgboyà àwọn ènìyàn kan sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ní ìgboyà bí oúnjẹ ọ̀la bá wà lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ ta kò. Owó tí ó ti àpò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé wá kò ní olówó kan tí ó lè pè é padà ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Pé a lè pè é padà kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àpò ìjọba ti ń ran àwọn ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì àti amóhùnmáwòrán ti ará ìlú lọ́wọ́ láti 1967 wá, Ilé Ìgbìmọ̀ dìbò ní July 2025, wọ́n sì gba $1,100,000,000 padà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ tí ń pín owó náà kéde láìpẹ́ pé òun yóò ti ilẹ̀kùn òun. Ilẹ̀ Faransé pàápàá ti pa owó láísẹ́ǹsì €138 rẹ̀ rẹ́ ní 2022, ó fi apá kan nínú owó orí ọjà rọ́pò rẹ̀. Inú àwọn onílé dùn, ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ń wo ọwọ́ ìjọba láti ọdún dé ọdún.

Nísinsìnyí, a ti dé ibi tí ó dun ni. Ní ilẹ̀ Ọba, ẹni tí kò san láísẹ́ǹsì kì í ṣe onígbèsè nìkan. Ọ̀daràn ni lójú òfin. Ilé ẹjọ́ májísíréètì ni a ń pè é lọ, pẹ̀lú àwọn tí ó jalè. Nínú àwọn tí a ti dá lẹ́bi ní àwọn ọdún tí ó kọjá, àwọn obìnrin ju méjì nínú mẹ́ta lọ. Wọn kò burú ju ọkùnrin lọ; àwọn ni ó sábà máa ń wà nílé nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò bá kan ilẹ̀kùn, àwọn ni ó sì ń dá tọ́ ọmọ. A kì í fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá san owó ìtanràn lè dé ẹ̀wọ̀n. Ó yẹ kí ojú ti orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ pé a gbé ìyá ọlọ́mọ lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ohun tí a ní ó wà fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ní, bí kò bá sí ìbẹ̀rù, ọ̀pọ̀ kò ní san. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ni ó yẹ kí a fi gbé ohun rere ró.

Ìjọba náà sì ti mọ bí a ti ń fi ọwọ́ ẹ̀yìn ti BBC. Láti 2000, àwọn tí ó ti lé ní ọdún 75 kò san láísẹ́ǹsì. Ìjọba ni ó ń san án fún wọn. Ní 2015, ìjọba gbé ẹrù náà lé BBC lórí. Nígbà tí ó di August 2020, BBC ní òun kò lè rù ú tán mọ́. Kìkì àwọn àgbà tí ń gba owó ìrànlọ́wọ́ fún aláìní ni ó kù tí kò san. Àwọn arúgbó yòókù bínú sí BBC. Ẹni tí ó dá ẹrù náà lé e lórí dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò. Iye owó náà fúnra rẹ̀, mínísítà ni ó ń pinnu rẹ̀: ní January 2022 ó ní kí ó dúró sí £159 fún ọdún méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun gbogbo ń gbówó lórí.

Ilẹ̀ Jámánì fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Lẹ́yìn tí Hitler ti fi wáyálẹ́ẹ̀sì ṣe ohun tí ó fi í ṣe, wọ́n pinnu pé ọwọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ kan ilé iṣẹ́ náà mọ́. Láti 2013, ilé kọ̀ọ̀kan ń san owó kan, yálà ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Láti 2021 ó jẹ́ €18.36 lóṣù. Àwọn tí ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba lè gba ìdásílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò wá yọjú lójú fèrèsé láti mọ̀ bí o bá ń wò, nítorí náà a kò ní mú ìyá kan pé ó ń wò ní ìkọ̀kọ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí kì í ṣe ti olóṣèlú ni ó ń ṣírò ohun tí a nílò. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Saxony-Anhalt nìkan dá àfikún 86 sẹ́ǹtì dúró ní ìparí 2020, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lórí ìwé òfin dá a lẹ́bi ní 2021, àfikún náà sì dúró. Sweden yàn láti gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún ènìyàn, títí dé òṣùwọ̀n kan, láti 2019; níbẹ̀, ẹni tí kò ní púpọ̀ kì í san púpọ̀. Bí a bá bi wá, a ó so méjèèjì pọ̀: òṣùwọ̀n Sweden fún ẹni tí ń san, ìgbìmọ̀ Jámánì fún ẹni tí ń ṣírò, kí a sì mú ilé ẹjọ́ májísíréètì kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé kí ni ó kàn wá níhìn-ín. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi gbígba owó láísẹ́ǹsì wáyálẹ́ẹ̀sì àti ti amóhùnmáwòrán sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Awakọ̀ tí a dá dúró lójú ọ̀nà tí a sì bèèrè ìwé rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àpò ìjọba ìbílẹ̀ ni owó náà ń lọ. Kì í ṣe òun ni a fi ń kó ìròyìn jọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣì ń wo ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ń wo ọwọ́ gómìnà. A ń san án, a kò sì ní i.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń san fún wa sì wà. BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní èdè Yorùbá ní February 2018, pẹ̀lú owó tí ìjọba ilẹ̀ Ọba fi kún un. Ẹ̀ka tí ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ti wà lábẹ́ owó ìjọba tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti April 2014 owó láísẹ́ǹsì ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń ka ìròyìn Yorùbá BBC ní Abẹ́òkúta tàbí ní Kétu, opó kan ní Birmingham ti bá a san nínú rẹ̀. Nígbà tí owó náà dúró sójú kan ní 2022, ní September ọdún kan náà BBC kéde àwọn èdè tí yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Yorùbá àti Ígbò wà lára wọn.

Ìwé àṣẹ Ọba tí ń bẹ lọ́wọ́ BBC yóò parí ní 31 December 2027, òmíràn ni yóò sì sọ bí a ó ti máa gba owó náà. Àwọn ọmọ wa tí ń san láísẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Ọba, tí wọ́n sì ní ìbò níbẹ̀, ní ẹnu nínú rẹ̀. Aṣojú wọn ní Ilé Ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n kọ ìwé sí, kí wọ́n sọ fún un bí wọ́n ti fẹ́ kí a máa gbà á, àti lọ́wọ́ ta ni.